Àyẹ̀wò àtọ̀ ọkùnrin: ohun tí ẹ ń bi wá ní láàbù l'Óṣogbo

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí l'Óṣogbo, àyẹ̀wò àtọ̀ sì wà lára ohun tí mò ń ṣe. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí, ẹ̀yin náà lẹ bi wá, àwọn kan á dúró títí gbogbo èèyàn á fi lọ tán kí wọ́n tó la ẹnu, àwọn míì á fi WhatsApp ránṣẹ́ lóru. Mo kó wọn jọ torí pé mo ń rí bí àwọn tọkọtaya ṣe ń náwó sórí oògùn tí kò kàn wọ́n, tí ọkùnrin á sì máa dá ìbànújẹ́ èsì kan gbé tí ẹnikẹ́ni ò tíì jókòó ṣàlàyé ẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ ara ni, mo máa sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, ẹ má bínú.

Ìyàwó mi ni kò tíì lóyún, ṣé èmi náà gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ni?

Bẹ́ẹ̀ ni, kì í sì í ṣe lẹ́yìn tí ìyàwó bá ṣe tiẹ̀ tán o, ìgbà kan náà ni. Tí tọkọtaya bá ti ń bára wọn sùn déédéé fún oṣù 12 láìlo kọ́ńdọ́ọ̀mù tàbí ìfètò-sọ́mọ-bíbí kankan tí oyún ò dé, àsìkò ti tó láti wá ìdí ẹ̀, tí ìyàwó bá sì ti tó ọdún 35 sókè, ẹ má dúró ju oṣù 6 lọ. Nínú nǹkan bí ìdajì àwọn tọkọtaya tí ọmọ ń pẹ́ fún, nǹkan wà lára ọkùnrin, yálà tiẹ̀ nìkan tàbí tiẹ̀ pẹ̀lú ti ìyàwó.

Ohun tó ń dùn mí ni pé obìnrin á ti ṣe sikáànù lóríṣiríṣi, wọ́n á ti fa oògùn sí ilé ọmọ ẹ̀ kí wọ́n lè ya àwòrán ẹ̀, èyí tó máa ń dun ọ̀pọ̀ nínú wọn gan-an, wọ́n á ti mú un lọ sórí òkè, wọ́n á ti mú un lọ s'ódò Ọ̀ṣun lóṣù August pé kó bu omi kó tọrọ ọmọ, ọkọ ẹ̀ ò sì tíì gbé ike kékeré kan wọ láàbù rí. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ibi tó ń gbàdúrà sí, Òṣogbo la wà, a mọ ohun tí Ọ̀ṣun jẹ́ fún àwọn tó ń wá ọmọ. Àdúrà kó máa lọ, àyẹ̀wò náà kó máa lọ. Ti ọkùnrin yìí ò dunni, kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, owó ẹ̀ ò sì tó ti ìyàwó rárá.

Mo ti bímọ tẹ́lẹ̀, ṣé ó ṣì kàn mí?

Ó kàn yín. Ara ọdún 25 kọ́ ni ara ọdún 40, àìsàn lè ti wọ àárín, oògùn lè ti wọ àárín, iṣan ẹ̀jẹ̀ lè ti wú lára kórópọ̀n. Ọmọ tí ẹ bí lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn ń sọ nípa ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni.

Ara mi le, mo sì ń ṣe ojúṣe mi lórí bẹ́ẹ̀dì dáadáa, àtọ̀ mi sì ki. Báwo ni wọ́n ṣe máa ní mo ní low sperm count?

Nǹkan méjì tó yàtọ̀ síra lẹ dà pọ̀ yẹn. Kí nǹkan ọmọkùnrin le dáadáa ò ní kí sperm, ìyẹn nǹkan wíńníwíńní tó ń lọ bá ẹyin obìnrin, wà nínú ohun tó ń jáde. Púpọ̀ nínú omi àtọ̀ yẹn, ẹṣẹ́ méjì tó wà lẹ́yìn àpò ìtọ̀ ló ń ṣe é, ẹṣẹ́ prostate náà á fi tiẹ̀ kún un, ìwọ̀nba díẹ̀ báyìí ló ń ti kórópọ̀n wá, ibẹ̀ sì ni sperm wà. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin tí kò ní ẹyọ sperm kan fi lè máa da àtọ̀ tó pọ̀, tó funfun, tó ki, kí òun àti ìyàwó ẹ̀ má sì fura. Ojú ò lè rí i, ọwọ́ ò lè mọ̀ ọ́n, àfi máíkíróskóòpù.

Kí lẹ ń wò gan-an nínú àtọ̀?

Sperm ni àwọn nǹkan wíńníwíńní tó lórí tó nírù tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú àtọ̀, Antonie van Leeuwenhoek ará ilẹ̀ Netherlands ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa wọn lẹ́yìn tó rí wọn pẹ̀lú máíkíróskóòpù lọ́dún 1677. Lóde òní, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ìwé tí gbogbo láàbù gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé, ọdún 1980 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ẹ̀ jáde lọ́dún 2021.

A máa wo bí àtọ̀ ṣe pọ̀ tó, bóyá ó yọ́ dáadáa torí tó bá kọ́kọ́ jáde ó máa ń dì, ó sì yẹ kó ti ṣàn kí wákàtí kan tó pé, a máa wo àwọ̀ ẹ̀ àti pH ẹ̀ (bó ṣe kan sí), ká tó wá ka sperm, ká wo iye tó ń rìn àti bó ṣe ń rìn, iye tó wà láàyè, àti iye tí ìrísí orí, ọrùn àti ìrù ẹ̀ pé. Ìlà ìsàlẹ̀ tí ìwé 2021 yẹn fà nìyí: àtọ̀ 1.4 mílílítà, sperm mílíọ̀nù 16 nínú mílílítà kan, mílíọ̀nù 39 nínú gbogbo ohun tó jáde lẹ́ẹ̀kan, kí 42% máa mira, kí 30% máa lọ síwájú gidi, kí 54% wà láàyè, kí ìrísí 4% pé. Ẹ rí i pé 4% yẹn, àwọn èèyàn máa ń pariwo tí wọ́n bá rí i lórí pépà pé "ìrísí ìdá 96 ò dáa", wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, bẹ́ẹ̀ sì rèé bí ọkùnrin ṣe rí nìyẹn, ọ̀pọ̀ sperm gbogbo wa ni ìrísí ẹ̀ ò pé.

Báwo ni mo ṣe máa gbé e wá? Ṣé mo lè gbà á nílé?

Ibí ni ọ̀pọ̀ èsì ti ń bàjẹ́, torí náà ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ má bá obìnrin sùn, ẹ má sì fọwọ́ ṣe é, fún ó kéré tán ọjọ́ 2, kó má sì ju ọjọ́ 7 lọ. Àwọn kan á fi oṣù kan pa á mọ́ pé kó lè pọ̀, rárá o, èyí tó pẹ́ nínú ara iye ẹ̀ lè pọ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn á ti rẹ̀. Ẹ tọ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti nǹkan ọmọkùnrin yín, ẹ ṣàn án dáadáa kí ọṣẹ má kù, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ fọwọ́ ṣe é sínú ike tí láàbù fún yín, kì í ṣe ike oògùn ikọ́, kì í ṣe ọ̀rá pure water. Ẹ má lo ìpara, ẹ má lo òróró, ẹ má lo itọ́, gbogbo wọn ló ń pa sperm lára. Kọ́ńdọ́ọ̀mù ọjà kò dáa fún un, torí ohun tó wà lára ẹ̀. Ká bá ìyàwó sùn ká wá fà á yọ náà ò dáa, torí díẹ̀ tó kọ́kọ́ jáde ni sperm pọ̀ sí jù, ìyẹn gan-an ló sì máa ń bọ́ sílẹ̀. Tí díẹ̀ bá dànù, ẹ sọ fún wa, ẹ má tijú, torí tí ẹ ò bá sọ a máa kọ iye tó kéré sílẹ̀, dókítà á sì gbà á gbọ́.

Ó dáa jù kẹ́ ẹ ṣe é ní láàbù. Tó bá jẹ́ ilé, ó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ wa láàárín ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan. Ẹni tó bá ń ti Ìkìrun tàbí Ìwó bọ̀ tó wá há sínú gósíló ní Ọlaiya, àtọ̀ yẹn á ti pẹ́ jù kó tó dé, sperm tó ń rìn dáadáa nílé á ti rẹ̀. Ẹ fi ike náà sínú aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara kó lè lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀, ẹ má gbé e sínú fíríìjì, ẹ má gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù nínú oòrùn, kí ẹ sì kọ orúkọ àti aago tó jáde sára ẹ̀.

Àwọn míì máa ń sọ pé ẹ̀sìn àwọn ò gba kí ọkùnrin fọwọ́ ṣe é. A gbọ́, a ò sì ní fipá mú ẹnikẹ́ni. Kọ́ńdọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n dìídì ṣe fún àyẹ̀wò yìí tí kò ní ohun tó ń pa sperm nínú, ẹ lè lò ó pẹ̀lú ìyàwó yín nílé. Mo sì mọ àwọn ààfáà àti pásítọ̀ tó ti sọ fún àwọn èèyàn wọn pé tó bá jẹ́ ti ìtọ́jú, kí wọ́n lọ ṣe é, ẹ bi tiyín léèrè.

Èsì mi kéré sí iye tí ẹ kọ yẹn, ṣé ó ti parí nìyẹn?

Kò parí. Bí wọ́n ṣe rí àwọn iye yẹn ni pé wọ́n kó èsì àwọn ọkùnrin tí ìyàwó wọn lóyún láàárín ọdún kan jọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, wọ́n tò ó láti èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù, ibi tí 5% ìsàlẹ̀ parí sí ni wọ́n fa ìlà sí. Ìyẹn ni pé àwọn tó wà lábẹ́ ìlà yẹn gan-an, bàbá ọmọ ni wọ́n. Ẹni tó wà lábẹ́ ìlà lè bímọ, ẹni tó wà lókè ìlà lè má tètè bí. Òkè ìlà ló rọrùn jù, mi ò tan yín, ṣùgbọ́n ìlà yẹn kì í ṣe odi.

Lẹ́yìn náà, èsì kan ṣoṣo ò tó. Àtọ̀ ọkùnrin kan náà máa ń yí láti ọ̀sẹ̀ kan sí èkejì. Tí èkíní ò bá dáa, ẹ ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó kéré tán lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan. Tí ibà tó le bá ṣe yín láìpẹ́ yìí, ẹ sọ fún dókítà, torí ó ń gba sperm kan tó ọjọ́ 70 sí 74 kó tó dàgbà nínú kórópọ̀n, kó tó wá rìn jáde, ohun tó bá yín lóṣù méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn lẹ ń rí nínú ike lónìí. Ìdí nìyẹn náà tó fi jẹ́ pé tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, tí ẹ ti jáwọ́ nínú sìgá, ẹ má sáré wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì pé ṣé ó ti yí, ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta.

Wọ́n kọ "active 30, sluggish 10, dead 60" sórí èsì mi. Ṣé ọgọ́ta yẹn ti kú lóòótọ́?

Ó ṣeé ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀ o, mo sì fẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ èyí. Sperm tí kò rìn kì í ṣe òkú dandan. Láti mọ̀ pé ó ti kú, a gbọ́dọ̀ fi àwọ̀ pupa kan tó ń jẹ́ eosin sí i. Awọ ara sperm tó kú ti lu, àwọ̀ yẹn á wọ inú orí ẹ̀, á pọ́n. Èyí tó wà láàyè ò ní jẹ́ kó wọlé, á funfun. Ọ̀nà kejì ni ká fi sperm sínú omi tí iyọ̀ ẹ̀ kéré sí ti ara, wọ́n ń pè é ní HOS test. Èyí tó wà láàyè, omi á wọ inú ẹ̀, ìrù ẹ̀ á wú á sì ká kò, òkú ò ní ṣe nǹkan kan. HOS wúlò gan-an fún àwọn tó fẹ́ mú sperm kan sínú ẹyin, torí sperm tí wọ́n bá ti fi eosin wò kò ṣeé lò fún ìyẹn mọ́, èyí tí wọ́n fi HOS wò ṣeé lò.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àwọn ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé gbogbo sperm wọn ò rìn rárá ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn wà láàyè, ẹ́ńjìnnì inú ìrù ni kò ṣiṣẹ́ látìgbà tí wọ́n ti bí i, irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì lè máa ní ikọ́ àti kẹ́lẹ́bẹ̀ tí kì í lọ pẹ̀lú ẹ̀. Tí wọ́n bá kọ "dead 100" fún un, wọ́n ti gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀ lórí pépà, bẹ́ẹ̀ ICSI, ìyẹn kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú ẹyọ sperm kan sínú ẹyin ní láàbù, ṣì lè ràn án lọ́wọ́. Torí náà tí wọ́n bá kọ dead, ẹ bi wọ́n pé àwọ̀ wo lẹ fi wò ó?

Èsì mi dáa, ti ìyàwó mi dáa, oyún ò sì dé. Kí ló kù tí a ò tíì wò?

Ìbéèrè tó wà lọ́kàn mi jù nìyí. Kíkà tí a ń ka sperm ń sọ iye wọn, kò sọ pé wọ́n lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n wá ṣe. Ọkọ̀ lè kún Old Garage bámúbámú kí èyí tó máa dé Èkó láìdákú lójú ọ̀nà má pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé sperm kan. Á kọ́kọ́ gba inú omi yíyọ̀ tó wà lẹ́nu ilé ọmọ kọjá, ọ̀pọ̀ ò kọjá ibẹ̀. Nínú ara obìnrin, awọ ara ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà fún wákàtí díẹ̀, torí sperm tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò tíì lè wọ ẹyin, ọdún 1951 ni M. C. Chang ní Amẹ́ríkà àti Colin Austin ní Australia rí èyí, oníkálùkù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ìrù ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jà fitafita. Tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹyin, fìlà tó wà lórí ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní acrosome á tú, ohun tó wà nínú ẹ̀ á ràn án lọ́wọ́ láti la èèpo ẹyin kọjá. Á wá lẹ̀ mọ́ ẹyin, wọ́n á di ọ̀kan, DNA tó gbé wá, ìyẹn ìtọ́ni tí ara fi ń kọ́ ọmọ, sì gbọ́dọ̀ jẹ́ odindi kí oyún tó dúró. Ibi kọ̀ọ̀kan nínú ìrìn yìí ni nǹkan ti lè takú, tí èsì kíkà á sì dáa lójú.

Àwọn àyẹ̀wò wà fún un. MAR test ń wò bóyá ara ọkùnrin náà ti ń bá sperm ara ẹ̀ jà, àwọn ọmọ ogun ara á lẹ̀ mọ́ sperm lára tí kò fi ní lè rìn gba omi ẹnu ilé ọmọ kọjá; ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti fẹsẹ̀ gbá ọkùnrin ní kórópọ̀n, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tàbí àrùn. A máa ń fura tí a bá rí i tí sperm ń so mọ́ra wọn. Fún acrosome, wọ́n á fi àwọ̀ tó ń tàn sí orí sperm kí wọ́n rí bóyá fìlà yẹn wà àti bóyá ó ń tú nígbà tó yẹ. Láwọn ọkùnrin kan, kò tiẹ̀ sí fìlà yẹn rárá, orí sperm wọn á rí roboto, ẹni tó bá mọ ìrísí wò dáadáa lè rí èyí lórí slide lásán, ẹ ò rí i pé kì í ṣe gbogbo nǹkan ló fẹ́ ẹ̀rọ olówó ńlá. Lọ́dún 1976, Ryuzo Yanagimachi àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fi hàn pé sperm èèyàn lè wọ ẹyin hamster (ẹranko kékeré kan tó jọ eku) tí wọ́n ti bó èèpo ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń lo ìyẹn láti mọ̀ bóyá sperm ní agbára, ṣùgbọ́n wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é mọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà: ìwé WHO tọdún 2021 pín àyẹ̀wò sí mẹ́ta, èyí tí gbogbo ọkùnrin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe, èyí tó wà fún ẹni tí dókítà bá rí ìdí fún, àti èyí tó jẹ́ ti ìwádìí jù lọ. Ti acrosome wà nínú ẹ̀kẹta. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Láàbù tó wà pẹ̀lú ilé ìwòsàn IVF, níbi tí wọ́n ti ń so ẹyin àti sperm pọ̀ níta ara, ni wọ́n ti sábà ń ṣe àwọn tó jinlẹ̀ yìí, dókítà tó ń rí sí àìrọ́mọbí ló sì yẹ kó kọ ọ́.

DNA fragmentation ńkọ́? Àbúrò mi l'Ékòó ní kí n lọ ṣe é.

DNA ni ìtọ́ni tí sperm gbé lọ fún ọmọ. Ó lè já sí wẹ́wẹ́ nínú sperm tó ń rìn dáadáa tí ìrísí ẹ̀ sì pé, ojú máíkíróskóòpù lásán ò ní rí i. Ohun tó ń já a ni ooru, sìgá, ibà, fáríkósìl (iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú lókè kórópọ̀n), àrùn, ọjọ́ orí, àti kí sperm pẹ́ jù nínú ara. Ẹyin obìnrin lè tún díẹ̀ ṣe, tó bá pọ̀ jù kò ní lè tún un ṣe tán. Oríṣi mẹ́rin tí ẹ máa gbọ́ orúkọ ẹ̀ ni SCSA, TUNEL, Comet àti SCD, iye tí wọ́n ń kà sí burúkú nínú ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì, torí náà ẹ má fi èsì yín wé ti ọ̀rẹ́ yín tó ṣe é níbòmíì.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Tí oyún bá ń dé tó sì ń bàjẹ́ léraléra, ẹ ṣe é, ẹ jọ̀ọ́. Obìnrin tí oyún ń bàjẹ́ lára ẹ̀ ni gbogbo ìlú máa ń wò, wọ́n á ní ilé ọmọ ẹ̀ ò gbóyún dúró, wọ́n á ní àbíkú, nígbà míì DNA ọkọ ni. Tó bá jẹ́ pé fáríkósìl wà, tàbí IVF ti kùnà, tàbí gbogbo èsì dáa tí a ò mọ ìdí, ẹ bá dókítà sọ ọ́.

Wọ́n ní mo ní staph nínú àtọ̀, pé ó ti jẹ sperm mi tán.

Staph yìí ti kó owó àwọn èèyàn wa lọ ju bó ṣe yẹ lọ. Tí ẹ bá rìn gba Oke-Fia kọjá dé Igbona, ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn ta àgbo, staph ni, staph ni. Staphylococcus aureus jẹ́ kòkòrò tó ń gbé lára awọ àti nínú imú ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò ṣe nǹkan kan, nǹkan bí èèyàn 3 nínú 10 ló ń gbé e kiri nímú. Tí ọkùnrin ò bá fọwọ́ dáadáa kó tó ṣe é sínú ike, ó lè bọ́ síbẹ̀, láàbù á gbìn ín, á hù, wọ́n á kọ ọ́ sórí pépà, abẹ́rẹ́ á bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń jẹ́ ká fura sí àrùn gidi ni kí ìtọ̀ máa ta yín, kí nǹkan máa jáde lójú okó, kí kórópọ̀n wú tàbí máa dùn yín, kí ọmọ ogun ara funfun sì ju mílíọ̀nù 1 lọ nínú mílílítà àtọ̀ kan. Àwọn ọmọ ogun yẹn náà, a gbọ́dọ̀ fi àwọ̀ peroxidase wò wọ́n, torí sperm tí kò tíì dàgbà náà máa ń rí roboto bíi tiwọn, láàbù tí kò bá lo àwọ̀ á kàn kọ "pus cells". Àtọ̀sí àti chlamydia ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù, wọ́n lè dí ọ̀nà tí sperm ń gbà jáde, tọkọtìyàwó ló sì gbọ́dọ̀ jọ gba ìtọ́jú ẹ̀. Ẹ má gba abẹ́rẹ́ lórí abẹ́rẹ́ torí staph tí kò ṣe yín ní nǹkan kan, ọjọ́ tí àrùn gidi bá dé oògùn lè má ràn mọ́.

Wọ́n ò rí ẹyọ kan. Òdo.

Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Mo mọ̀ pé èsì yìí wúwo. Àkọ́kọ́, ẹ rí i dájú pé wọ́n fi ẹ̀rọ yí àtọ̀ náà kí wọ́n wo ìsàlẹ̀ ẹ̀ kí wọ́n tó kọ òdo, torí díẹ̀ lè wà tí kò hàn, kí wọ́n sì tún un ṣe lọ́jọ́ míì. Nínú ọkùnrin 100, nǹkan bí ẹnì kan lèsì ẹ̀ máa ń rí bẹ́ẹ̀, ẹ ò dá wà.

Ìbéèrè tó kàn ni pé ṣé ọ̀nà ló dí ni àbí kórópọ̀n ni kò ṣe é. Tí àtọ̀ bá kéré, tí pH ẹ̀ lọ sílẹ̀, tí kò sí ṣúgà fructose nínú ẹ̀, a máa fura sí ọ̀nà tó dí tàbí ẹṣẹ́ tí kò sí látìgbà ìbí. Tí FSH, hòmónù tí ọpọlọ fi ń rán kórópọ̀n níṣẹ́, bá lọ sókè nínú ẹ̀jẹ̀ tí kórópọ̀n sì kéré, iṣẹ́ kórópọ̀n ló wà níbẹ̀, dókítà lè ní kẹ́ ẹ ṣe àyẹ̀wò chromosome, ìyẹn àwọn okùn tó gbé DNA, torí àwọn ọkùnrin kan ní chromosome X kan lé. Nínú àwọn míì, pàápàá àwọn tó ní àtọ̀gbẹ (ìtọ̀ ṣúgà), àtọ̀ ń padà sínú àpò ìtọ̀ dípò kó jáde, ìtọ̀ tí wọ́n bá tọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe é tán la máa wá sperm sí.

Wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ tàbí iṣẹ́ abẹ kékeré wá sperm nínú kórópọ̀n gan-an. Látọdún 1992 tí wọ́n ti gbé ICSI jáde ní Brussels, ẹyọ sperm kan sínú ẹyin kan ti tó láti gbìyànjú. Nílẹ̀ wa níbí náà, LUTH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Èkó l'Ékòó, ni wọ́n ti bí ọmọ IVF lọ́dún 1989, kì í ṣe nǹkan àjèjì mọ́.

Fáríkósìl ńkọ́?

Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú lókè kórópọ̀n ni, apá òsì ló pọ̀ sí. Nǹkan bí ọkùnrin 15 nínú 100 ló ní in, tó bá wá jẹ́ àwọn tí ọmọ ń pẹ́ fún, ó tó 40 nínú 100. Ó ń mú kórópọ̀n gbóná. Dókítà á fọwọ́ wò ó nígbà tí ẹ bá wà lórí ìdúró, ọwọ́ lásán ti tó lọ́pọ̀ ìgbà. Tí ọwọ́ bá bà á tí èsì àtọ̀ ò sì dáa, iṣẹ́ abẹ lè ràn yín lọ́wọ́. Ìpá kọ́ nìyẹn o.

Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe, ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ dírẹ́bà, àwọn kan ní ooru ń pa sperm.

Òótọ́ ni. Kórópọ̀n gbọ́dọ̀ tutù ju ara lọ ní nǹkan bí dígírì 2 sí 4, ìdí tí Ọlọ́run fi gbé e síta nìyẹn. A ò ní kí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ máa dìde nídìí ọkọ̀, ẹ wọ pátá tó tú, ẹ má gbé láptọ́ọ̀pù lé itan, ẹ yẹra fún omi tó gbóná jù, kẹ́ ẹ sì sọ iṣẹ́ yín fún dókítà.

Àgbo ńkọ́, àti abẹ́rẹ́ testosterone tí wọ́n ń gbà ní gym?

Testosterone, ìyẹn hòmónù ọkùnrin, ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ torí ó ń bí mi nínú. Ọkùnrin tó ń wá ọmọ ò gbọ́dọ̀ gbà á. Tó bá ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ á rò pé iṣẹ́ ti tó, kò ní rán kórópọ̀n níṣẹ́ mọ́, sperm á máa dínkù títí ó fi lè di òdo. Lára ọ̀pọ̀ ó máa ń padà tí wọ́n bá dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ó lè gba oṣù púpọ̀, nígbà míì ju ọdún kan lọ. Iṣan apá á tóbi, ọmọ ò ní dé. Tramadol náà ń dín testosterone ara kù.

Ní ti àgbo, mi ò bú ewé, àwọn bàbá wa mọ nǹkan. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi ọtí ṣe, ọtí lẹ ń mu lójoojúmọ́ yẹn, tí ẹ ò bá sì mọ ohun tó wà nínú ìgò, èmi ò mọ̀ ọ́n, dókítà ò mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé ìgò náà dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ rí i. Kí ẹ sì ṣe àyẹ̀wò kí ẹ tó mu nǹkan kan, torí tó bá jẹ́ ọ̀nà ló dí, kò sí àgbo tó máa là á.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé láàbù kan mọ iṣẹ́ yìí?

Ẹ wò ó bóyá wọ́n bi yín ní aago tí àtọ̀ jáde àti ọjọ́ tí ẹ fi dúró, tí wọn ò bá béèrè, ẹ fura. Èsì gbọ́dọ̀ ní iye àtọ̀, pH, kíkà, ìrìn tí wọ́n pín, ìrísí, àti èyí tó wà láàyè tí ìrìn bá lọ sílẹ̀. A máa ń ka ó kéré tán 200 sperm lẹ́ẹ̀mejì ká tó kọ ohunkóhun, àyẹ̀wò tí wọ́n fún yín lésì ẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ṣe é. Láàbù gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ MLSCN, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ láàbù ní Nàìjíríà, lára ògiri. Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà, UNIOSUN Teaching Hospital wà nílùú, ọsibítù ìjọba wà ní Asubiaro.

Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ fún ọkọ mi tí kò fi ní bínú?

Àǹtí mi, ẹ má jẹ́ kí ìyá ọkọ ló máa kọ́kọ́ sọ ọ́, ẹ má sì sọ ọ́ lọ́jọ́ ìjà. Ẹ ní kó bá yín lọ rí dókítà, kí dókítà kọ ti ẹ̀yin méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Ọwọ́ ẹni tó ni àtọ̀ la ń fi èsì lé, a kì í sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n, a kì í sọ ọ́ fún pásítọ̀, ìyàwó pàápàá, àfi tó bá ní ká fún un. Tó bá lóun ò lè ṣe é níbí, kó pè wá ṣáájú, a máa fún un ní ike àti aago tá a máa retí ẹ̀, ẹ̀yin náà lè bá a gbé e wá, ohun tí a máa bi yín ò ju orúkọ, aago tó jáde, ọjọ́ tó fi dúró, àti bóyá díẹ̀ dànù.